Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣì Ń Rìn, Ọ̀nà Ló Ń Dí

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1955, ọkọ̀ Land Rover méjì gbéra ní Hyde Park Corner, ní àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan ní àwọ̀ búlúù tó dúdú, èkejì ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ Yunifásítì Oxford àti ti Cambridge ni, orúkọ yunifásítì méjèèjì ni wọ́n sì fi sọ àwọn ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà ni ó jókòó sínú wọn. Singapore ni wọ́n ń lọ, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Éṣíà níhà gúúsù ìlà-oòrùn. Yàtọ̀ sí omi tí ó wà láàárín Ìlú Ọba àti ilẹ̀ Faransé, orí ilẹ̀ ni wọ́n pinnu láti gbà dé ibẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Singapore láti Lọ́ńdọ̀nù lónìí yóò wọ bàálù, kò sì ní í lo odidi ọjọ́ kan lójú òfurufú. Oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ mẹ́fà ni àwọn mẹ́fà yìí lò. Ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 1956 ni wọ́n gúnlẹ̀. Àwọn ni a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Singapore. Láti ìgbà náà ni ìtàn wọn ti wà lẹ́nu àwọn tí ó fẹ́ràn jíìpù àtijọ́ àti ọ̀nà jíjìn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ìtàn náà yẹ fún àgbéyẹ̀wò lónìí ju ìgboyà àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà lọ. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjèèjì kò kú. Ní ọdún 2019, nígbà tí ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí ó ti kọ́kọ́ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ yìí kan náà tún gbéra láti Singapore, ó sì rìn padà sílé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dáhùn. Ọ̀nà tí ó gbà lọ ní àkọ́kọ́ ni kò ṣeé gbà mọ́.

Yorùbá fi irin àti ọ̀nà sábẹ́ òrìṣà kan ṣoṣo. Ògún ni ó ni irin. Ògún náà ni ó fi àdá la ọ̀nà fún àwọn òrìṣà yòókù nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé ayé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ àtijọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ Ògún ṣeré. Ẹni tí ó bá ronú báyìí lè gbà pé bí ọkọ̀ bá ti dára, ọ̀nà ti dára nìyẹn. Ìtàn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Oxford fi hàn pé àwọn méjèèjì lè pínyà, àti pé èyí tí ó ṣòro jù láti tún ṣe kì í ṣe irin.

Ọkọ̀ oko tí ó di ọkọ̀ àjò

Kò sí ẹni tí ó ṣe Land Rover nítorí ìrìn-àjò jíjìn. Ọkọ̀ oko ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Maurice Wilks, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Rover, ń lo jíìpù kan tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti lò rí nínú oko rẹ̀ ní erékùṣù Anglesey, ní ilẹ̀ Wales. Jíìpù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá kú, kò sí ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn ni ó bí èrò pé kí Rover fúnra rẹ̀ ṣe ọkọ̀ tí àgbẹ̀ lè fi fa ẹrù lóko, tí ó sì tún lè gbé lọ sọ́jà. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1948, wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé rí níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní ìlú Amsterdam.

Irin ṣọ̀wọ́n ní Ìlú Ọba nígbà náà, ìjọba sì ń wọ̀n ọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́. Alumíníọ́mù kò ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ náà, wọ́n sì fi irin ṣe ṣásí rẹ̀. Àìní ni ó kọ́ wọn ní ọgbọ́n yìí, ṣùgbọ́n ó di àǹfààní ńlá, nítorí pé alumíníọ́mù kì í dípẹtà bí irin. Ọ̀pọ̀ Land Rover ìgbà náà ni ara wọn ṣì gún régé nígbà tí àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ wọn ti di ìpẹtà tán.

Èyí tí Rover fi lé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà náà lọ́wọ́ ní 1955 kò lágbára rárá ní ojú ènìyàn òde òní. Ẹ́ńjìnnì lítà méjì ni ó ní, agbára ẹṣin 52 sì ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tí ń gbé èrò kiri ìgboro lónìí lágbára jù ú lọ. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà ni bí ó ṣe ń pín agbára kékeré náà. Lójú ọ̀nà dáadáa, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí ọkọ̀ bá dé inú ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn, awakọ̀ yóò fa ọ̀pá kan, agbára yóò sì dé ọ̀dọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí òkè bá ga jù, tàbí bí odò bá wà níwájú, ọ̀pá mìíràn wà tí yóò fi jíà rẹ̀ sí ìpele ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ náà yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ìjàpá, ṣùgbọ́n yóò máa gùn ún láìdúró.

Ohun kejì ni pé kò sí ohun tí ó fara sin nínú rẹ̀. Kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní iná pupa tí yóò máa tàn níwájú awakọ̀ láìsọ ohun tí ó ń dùn ún. Bí bátìrì bá kú, irin kan wà tí wọ́n lè fi yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú títí yóò fi jí. Sípírìǹgì rẹ̀ jẹ́ awẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, èyí tí alágbẹ̀dẹ abúlé lè rọ bí ó bá kán. Ẹni tí ó ní sípánà díẹ̀, tí ó sì ní sùúrù, lè tú u kí ó sì tò ó padà lábẹ́ igi.

Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọkọ̀ yìí tètè tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, òun ni ọlọ́pàá ń gbé, òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń dé ìletò tí ọ̀dà kò dé. Ìbàdàn pàápàá ni ilé-iṣẹ́ Leyland ti ń to Land Rover àti ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ nígbà kan. Nílẹ̀ tí tòkunbọ̀ ti pọ̀ ju ọkọ̀ tuntun lọ, kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé gígùn kí ó tó mọ iyì ọkọ̀ tí mẹkáníìkì lè rí ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà tí ogun là

Adrian Cowell ni èrò ìrìn-àjò náà kọ́kọ́ sọ sí lọ́kàn. Henry Nott ni mẹkáníìkì wọn. Antony Barrington Brown ni ó ń ya fíìmù. Òun kan náà ni ó ti ya àwòrán Watson àti Crick pẹ̀lú àwòṣe DNA wọn ní Cambridge ní ọdún 1953, àwòrán tí ó wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì káàkiri ayé títí dòní. Pat Murphy ń rí sí ọ̀rọ̀ físà àti àwòrán ilẹ̀. Nigel Newbery náà wà pẹ̀lú wọn. Tim Slessor ni ó kọ ìtàn ìrìn-àjò náà sínú ìwé. Owó kò sí lọ́wọ́ wọn, nítorí náà wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn ilé-iṣẹ́ láti tọrọ epo, oúnjẹ àti irinṣẹ́. David Attenborough, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ olóòtú ètò ní BBC nígbà náà, ni ó fún wọn ní fíìmù tí wọn yóò lò.

Wọ́n gba Yúróòpù kọjá dé Tọ́kì, wọ́n gba Síríà àti Ìráàkì dé Ìránì, láti ibẹ̀ wọ́n dé Pakísítánì àti Íńdíà. Ọ̀nà yìí jìn, eruku rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ń gbà á. Ọmọ Ìlú Ọba ni wọ́n, ìwé ìrìnnà wọn sì ń ṣílẹ̀kùn. Ìjọba amúnisìn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Íńdíà àti Pakísítánì ní 1947, ó ṣì wà ní Málayà àti Singapore.

Bọ́mà ni ìṣòro wà. Òkè gíga àti igbó kìjikìji ni ó pín ẹkùn Assam ní Íńdíà níyà sí Bọ́mà. Jálẹ̀ gbogbo ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣàkóso ilẹ̀ méjèèjì, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì. Wọn kò la ọ̀nà gidi gba inú òkè náà kọjá. Ogun ni ó là á. Nígbà tí àwọn ará Japan gba Bọ́mà ní 1942, tí wọ́n sì dí ọ̀nà tí ohun ìjà ń gbà dé Ṣáínà, ìjọba Amẹ́ríkà pinnu láti la ọ̀nà tuntun láti ìlú Ledo ní Assam. Ọ̀gágun Joseph Stilwell ni ó wà nídìí ètò náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe ọ̀nà náà lẹ́yìn náà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni ó jẹ́ adúláwọ̀, tí wọ́n ń gbẹ́ òkè, tí wọ́n ń ri afárá mọ́lẹ̀ nínú òjò àti ibà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kú sí i, láìka àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Éṣíà tí ẹ̀mí tiwọn náà lọ. Ọ̀nà náà parí ní 1945, ogun sì parí ní ọdún kan náà.

Orúkọ Bọ́mà kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilẹ̀ Yorùbá ni ó wà nínú ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ jà níbẹ̀, nínú ìpín ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin. Apá mìíràn ní ilẹ̀ náà, nítòsí òkun, ni ọ̀pọ̀ wọn ti jà, níbi tí wọ́n ti ń fi orí ru ẹrù ogun gba inú igbó tí ọkọ̀ kò lè wọ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ agbègbè Ọ̀wọ̀, fara gba ọta ní àfonífojì Kaladan ní oṣù Kẹta, ọdún 1944; àwọn ará abúlé ni wọ́n fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án kí ọ̀tá má baà rí i. Àwọn tí ó padà wálé láti Bọ́mà mọ ohun tí ó túmọ̀ sí bí wọ́n bá sọ pé kò sí ọ̀nà níbẹ̀.

Nígbà tí Oxford àti Cambridge dé Ledo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956, ọdún mọ́kànlá péré ni ọ̀nà náà ti parí, igbó sì ti ń gbà á padà. Kò sí ìjọba tí ó ń tún un ṣe. Òjò ti gbá ibì kan lọ, ọ̀pọ̀ afárá ti wó, inú omi sì ni ọkọ̀ ní láti gbà níbi tí afárá kò sí mọ́. Bọ́mà tí ó gba òmìnira ní 1948 ń bá oríṣiríṣi ọlọ̀tẹ̀ jà nínú òkè. Àwọn mẹ́fà náà la gbogbo rẹ̀ kọjá, wọ́n dé Táílándì, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ gba Málayà dé Singapore.

Ó yẹ kí a kíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Ọgbọ́n Nott pẹ̀lú sípánà wà níbẹ̀, agbára Land Rover wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣe ìrìn-àjò náà ní ogún ọdún ṣáájú, kò sí ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti ṣe é ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ẹnubodè ti tì. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1962, Ọ̀gágun Ne Win gba ìjọba ní Bọ́mà, orílẹ̀-èdè náà sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àárín ìlẹ̀kùn méjì ni àwọn mẹ́fà náà gbà kọjá, bóyá láìmọ̀.

Lẹ́yìn àjò

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Wọ́n wa ọkọ̀ méjèèjì padà sí Ìlú Ọba. Ìwé tí Slessor kọ, First Overland, jáde ní 1957, BBC sì fi fíìmù wọn hàn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní sáà kan náà, ọmọ Yorùbá kan wà lójú ọ̀nà. Ọlábísí Àjàlá gun alùpùpù Vespa káàkiri orílẹ̀-èdè tí ó pọ̀, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé An African Abroad tí ó jáde ní 1963. Orin Olóyè Ebenezer Obey sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí gbogbo ilé mọ̀, débi pé ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbélé ni Yorùbá ń pè ní Àjàlá. Òun kò ní ẹlẹgbẹ́ márùn-ún, kò ní ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ohun tí òun àti àwọn mẹ́fà náà jọ ní ni àsìkò: àwọn ọdún díẹ̀ tí ilẹ̀ ayé ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní ìgboyà àti ìwé ìrìnnà.

Àtúbọ̀tán ọkọ̀ méjèèjì kò rí bákan náà. Cambridge já sínú ọ̀gbun nínú ìrìn-àjò mìíràn lẹ́yìn náà, kò sì padà wálé mọ́. Oxford bá àwọn onímọ̀ ẹyẹ lọ sí erékùṣù Ascension ní àárín òkun Àtìláńtíìkì. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé erékùṣù St Helena, níbi tí wọ́n ti lò ó títí ó fi gbó, tí wọ́n sì pa á tì. Ní 2017, ọkùnrin kan láti Yorkshire tí ó fẹ́ràn Land Rover àtijọ́ gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Ìlú Ọba, ó sì tún un ṣe títí ó fi tún jí. Ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni ohun kan náà tí a ti sọ: ọkọ̀ tí a lè tú palẹ̀ kì í kú tán.

Ìrìn-àjò padà

Alex Bescoby, tí ó máa ń ṣe fíìmù nípa ìtàn, ni ó kó àwọn ènìyàn jọ láti wa Oxford láti Singapore padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Tim Slessor, tí ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, fẹ́ bá wọn lọ, ṣùgbọ́n àìsàn dá a dúró kí wọ́n tó gbéra. Nat George, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni ó jókòó sí àyè rẹ̀. Ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 2019 ni wọ́n kúrò ní Singapore. Ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá ni wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 111 ni wọ́n lò, wọ́n la orílẹ̀-èdè 23 kọjá, wọ́n sì rìn ju 20,000 kìlómítà lọ. Àwọn ọkọ̀ mìíràn tẹ̀ lé Oxford láti ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni ó yẹ kí olùkàwé wò dáadáa. Ọ̀nà Síríà tí ó ṣí ní 1955 ti di ojú ogun láti 2011. Ìráàkì ti rí ogun léraléra láti 1980. Ìyípadà ìjọba ní Ìránì ní 1979, àti bí àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì ṣe wọ Afghanistan ní òpin ọdún yẹn kan náà, ti fòpin sí ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù ń gbà lọ sí Íńdíà ní ọgọọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, Oxford kò lè tẹ ojú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Oxford gba Bọ́mà, tí ó ti ń jẹ́ Myanmar, wọ Íńdíà. Láti ibẹ̀ ó gba Nepal dé Tibet, ó la ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà kọjá, ó sì gba àwọn orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Éṣíà lọ sí Yúróòpù. Ní 1955, kò sí ọmọ Ìlú Ọba tí ó lè wa ọkọ̀ gba ọ̀nà yìí. Ṣáínà ti ilẹ̀kùn rẹ̀, abẹ́ Sófíẹ̀tì sì ni Àárín Gbùngbùn Éṣíà wà. Ìgbà tí ìjọba Sófíẹ̀tì fọ́ ní 1991 ni àwọn orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí fún àwọn mẹ́fà ìgbà náà ti tì, èyí tí ó tì nígbà náà ni ó wá ṣí.

Bí ilẹ̀kùn náà ti ṣí kò pẹ́ rárá. Oṣù Kẹjọ, ọdún 2018 ni Íńdíà àti Myanmar ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹnubodè orí ilẹ̀ wọn fún àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè. Oxford kọjá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò ju oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù tí àrùn Kòrónà fi ti ẹnubodè gbogbo ayé. Kí àrùn náà tó rọlẹ̀, ní ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 2021, àwọn ológun Myanmar tún gba ìjọba, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Lẹ́ẹ̀kejì nínú ayé rẹ̀, ọkọ̀ yìí kan náà gba Bọ́mà kọjá kí ilẹ̀kùn tó tì lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà Sàhárà

Bí ọ̀rọ̀ ti rí ní Éṣíà ni ó rí nílé. Ìgbà kan wà tí ará Yúróòpù máa ń wọ Land Rover àtijọ́ láti Algiers, tí yóò gba Tamanrasset la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Agadez àti Zinder ní Niger, tí yóò sì wọ Kánò. Láti Kánò, ọ̀dà ni ó wà títí dé Ìbàdàn àti Èkó. Ìṣòro ọ̀nà náà ni oòrùn, iyanrìn àti àìsí omi, àwọn ohun tí ọkọ̀ dáadáa àti ìmúrasílẹ̀ lè borí. Àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà tilẹ̀ fi ọ̀nà Algiers sí Èkó sínú ètò òpópónà ńlá tí yóò so Áfíríkà pọ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀dà bo púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni èyí: bí ọ̀dà ti ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà náà ni arìnrìn-àjò ń dínkù. Ogun abẹ́lé ní Algeria àti ọ̀tẹ̀ àwọn Tuareg ní Niger àti Mali bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ní 2003, wọ́n jí arìnrìn-àjò Yúróòpù 32 gbé nínú aṣálẹ̀ gúúsù Algeria. Eré ìje Paris sí Dakar, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òpin 1978, tí ó sì ti gba Agadez kọjá rí, ni wọ́n fagi lé ní 2008 nítorí ìbẹ̀rù àwọn apániláyà ní Mauritania; ní 2009 wọ́n gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní oṣù Keje, ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, ECOWAS sì ti ẹnubodè mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá.

Nígbà tí Pẹ̀lúmi Nubi wa ọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ní 2024, kì í ṣe jíìpù ni ó gbé. Peugeot 107 ni, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún ìgboro. Kò gba Tamanrasset, kò gba Agadez. Etí òkun ni ó tẹ̀ lé, láti Morocco sí Mauritania àti Senegal, títí ó fi gba Ghana, Tógò àti Benin wọlé ní oṣù Kẹrin. Ọ̀nà yẹn gùn ju ti Sàhárà lọ, ṣùgbọ́n ó ṣí. Ọkọ̀ kékeré tí ó rí ọ̀nà gbà dé Èkó. Land Rover tí ó lágbára jù lọ láyé kò lè gba ibi tí ìbọn ti dí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pin sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lọ sí òkèèrè. Awakọ̀ tí ń gbé iṣu láti Òkè Ọya bọ̀ wá sí Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Oníṣòwò tí kò jẹ́ rin ìrìn alẹ́ mọ́ nítorí àwọn ajínigbé mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n bá ń ka ohun tí ó ń ba ọ̀nà jẹ́ ní Nàìjíríà, kòtò ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ìjọba sì máa ń fi kìlómítà ọ̀dà yangàn. Kòtò burú, ó sì ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n kòtò ṣeé dí. Àwọn mẹ́fà ìgbà 1956 gba ojú ọ̀nà tí ó burú ju èyíkéyìí lọ ní Nàìjíríà, wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹni tí ó tẹ̀ lé wọn rí ọ̀nà gbà ni ìjọba ológun, ogun abẹ́lé àti ẹnubodè tí àwọn aládùúgbò tì mọ́ ara wọn.

Wọ́n rí ẹni tí ó tún Oxford ṣe lẹ́yìn tí ó ti bàjẹ́ ní St Helena fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ náà gba owó àti sùúrù, ṣùgbọ́n ènìyàn kan lè ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀nà Síríà, ọ̀nà Bọ́mà àti ọ̀nà Agadez ń retí irú mẹkáníìkì mìíràn, èyí tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan: àwọn olórí tí yóò jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú aládùúgbò wọn, tí wọn yóò sì fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn lè kọjá ní àlàáfíà.